Èmi Ni Mo Sọ Ọ́ ní Ìyá Ridúùsì

Ṣílè méje àti sísì ni mo ra awò ojú kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ọjà ní etí omi Ọ̀jọ́, bẹ́ẹ̀ ojú kankan kò dùn mí. Nígbà náà, mo lè rí eṣinṣin lórí gàrí ẹlòmíì láti òdìkejì ọjà. Ṣùgbọ́n mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà, mo sì ti wò ó pé gbogbo àwọn tó mọ̀wé tí mo mọ̀ ló ń fi nǹkan sójú: àlùfáà ń fi sójú, akọ̀wé kóòtù ń fi sójú. Mo ní bóyá ojú dígí ni ìwé ń gbà wọlé. Nígbà tí mo fi tèmi sójú, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá bá mi, mo sì ń gbẹ́sẹ̀ sókè bí àkùkọ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń rìn nílùú òyìnbó nìyẹn?" Mo ní kó má yọ ìwé mi lẹ́nu.

Mò ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí ọdún 1950 ti wọlé dáadáa, tí òmìnira ò tíì dé. Omi ni ojú ọ̀nà wa ní Ọ̀jọ́ nígbà yẹn. Ibi tí àwọn ológun ojú omi kọ́ ilé sí lónìí, igi ìdáná la ti ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ìlú Ìbà tí ìjọba kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí lónìí, oko ẹ̀gẹ́ ni nígbà náà, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ra gàrí lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án. Màá rù ú gba Òkokomáìkò, màá sinmi lábẹ́ igi àgbọn kan níbẹ̀, màá bú ẹni tó di àpò náà wúwo tó bẹ́ẹ̀, màá tún rù ú wọ Ọ̀jọ́. Èmi náà ni mo di àpò náà.

Nínú ọjà, obìnrin Ègùn kan ló wà ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi. Gàrí ni òun náà ń tà. Apẹja ni ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí wa ò jura lọ, a kì í pe ara wa lórúkọ, "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi" la máa ń wí. Bí ọmọ mi bá ń sunkún, òun ló máa gbà á pọ̀n. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi lọ pàdé ọkọ rẹ̀, èmi ni màá bá a tajà. Ó dákẹ́, èmi sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún, nítorí náà a bá ara wa mu dáadáa: èmi ń sọ, òun ń gbọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ abọ́ tí mo fi ń wọn gàrí. Abọ́ tánńganran ni, ó funfun, ó ní òdòdó pupa létí. Nígbà tí mo rà á, ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi òòlù kékeré lu ìdí rẹ̀ láti ìta, kò, kò, kò, títí àárín rẹ̀ fi wú sínú bí ikùn aboyún oṣù mẹ́rin. Bí gàrí bá ti bo ikùn yẹn, ta ló fẹ́ rí i? Kì í ṣe èmi nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí gbogbo abọ́ ọjà wa dojú bolẹ̀, ìdí tó kó sínú ló máa pọ̀ ju ìdí tó tẹ́jú lọ. Alágbẹ̀dẹ yẹn fi òòlù kékeré náà kọ́lé.

Èènì ni mo fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo bá wọn abọ́ kan tán, màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, màá ṣe bí ẹni tó fẹ́ dáwọ́ dúró, màá tún bu díẹ̀ lé e, màá ní, "Ẹ gbà, ìyàwó, ẹ fi ṣe ti ọmọ." Wọ́n á súre fún mi lọ súre fún mi bọ̀. Gàrí wọn ni mo yọ, òun náà ni mo fi ń ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín nínú mi.

Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi kì í fi èènì sí i. Bí wọ́n bá béèrè, á ní, "Ó ti wà nínú rẹ̀." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà á pòṣé, wọ́n á ní ahun ni. Àmọ́ èmi mọ ohun tó ń wí. Ní ọjọ́ kan tí mo dá abọ́ mi padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ pé kó tún ikùn rẹ̀ ṣe, abọ́ ọ̀rẹ́ẹ̀ mi ni mo yá. Àpò gàrí tí mo máa ń rí ogójì abọ́ nínú rẹ̀, abọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré ni mo rí lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọn àpò náà yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Mo dojú abọ́ rẹ̀ dé, mo fọwọ́ pa ìdí rẹ̀: ó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Mo dá a padà fún un, mo sì dúpẹ́. Èmi nìkan nínú gbogbo ọjà yẹn ni mo mọ̀ pé abọ́ obìnrin náà kún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn, nítorí èmi ò rí i gbàgbé.

Agogo mẹ́rin ọ̀sán ni ẹ̀kọ́ wa máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti lọ tán. Àwa àgbààgbà á há ara wa sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún méje, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Tíṣà wa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, sùúrù rẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: reduce. Ó ní ká pè é. A pè é, ó dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ mẹ́wàá ń húkọ́. Ó ní ká tún un pè.

"Kí èèyàn dín nǹkan kù ni," ó wí. "Ohun tó pọ̀, ẹ jẹ́ kó kéré. Ohun tó ga, ẹ jẹ́ kó relẹ̀. Ẹ lè ridúùsì iná lábẹ́ ìkòkò. Ẹ lè ridúùsì iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ẹ lè ridúùsì ariwo." Bó ṣe dé orí ariwo, ojú mi ló ń wò.

Káfíńtà kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè. "Tíṣà, bí ìlẹ̀kùn kò bá wọ férémù, tí mo fá a, ṣé mo ti ridúùsì rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó ga jù, ẹ dín in kù."

"Tí mo bá wá fá a jù ńkọ́?"

"Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn."

"Kí ni ìyẹn ń jẹ́ lédè òyìnbó?"

"Ọjọ́ mìíràn la máa kọ́ ìyẹn, bàbá."

Ẹlẹ́mu kan wà lẹ́yìn mi, ẹni tí gbogbo Ọ̀jọ́ mọ̀ pé omi inú ẹmu rẹ̀ lè gbé ọkọ̀. Òun náà dìde. "Tíṣà, tí mo bá bu omi díẹ̀ sí ẹmu, ṣé mo ridúùsì ẹ̀?"

"Rárá. Ó pọ̀ sí i nìyẹn."

"Ẹ ṣé o! Ìyàwó mi ló ń sọ káàkiri pé mò ń dín nǹkan kù."

"Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù, ẹ̀gbọ́n."

"Tíṣà, ẹ má tú u wò jù. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń han. Inú ẹ̀rín yẹn ni Tíṣà ti yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ fi ṣe gbólóhùn kan fún wa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, obìnrin kan gbé gàrí tó rà lọ́wọ́ mi padà wá sọ́jà. Ó ní òun tún un wọ̀n nílé, kò kún. Ó sọ ọ́ sókè, àwọn èèyàn bojú wẹ̀yìn. Mo fi ẹnu mi pa á lẹ́nu mọ́, mo ní bóyá abọ́ ilé rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń wẹ̀, ìyẹn ló ṣe tóbi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa gbé ẹrù yẹn rù. Èmi tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ dín kù, ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Mo ti awò ojú mi sókè, mo ní:

"My neighbour reduce gàrí."

Ẹlẹ́mu ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Obìnrin Ègùn yẹn! Ẹni tí kì í fi èènì sí i! Tíṣà, òótọ́ ló sọ!" Ni gbogbo kíláàsì bá gbà á. Tíṣà ò mọ ọjà, àpẹẹrẹ lásán ló rò pé mo ṣe. Ó ní gbólóhùn náà dára gan-an, pé "s" kan ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú pátákó, ó ní kí gbogbo kíláàsì pa ẹnu pọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú ohùn tí ń gba ojú fèrèsé jáde lọ sí òpópónà: My neighbour reduces gàrí. My neighbour reduces gàrí. My neighbour reduces gàrí. Tíṣà máàkì sléètì mi. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba máàkì láyé mi nìyẹn.

Kó tó di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹlẹ́mu ti fi gbólóhùn náà bá ẹmu tà. Èèyàn tí kò gbọ́ "káàárọ̀" lédè òyìnbó ti gbọ́ ridúùsì, wọ́n sì fi sọ ọ̀rẹ́ẹ̀ mi lórúkọ. "Ìyá Ridúùsì, ẹ kú ọjà o!" "Ìyá Ridúùsì, ẹ̀yin kọ́ o, a ò rà!" Wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ń sá fún abọ́ tó kún, wọ́n ń wá síbi abọ́ tó lóyún, mo sì ń bu èènì fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Láàárín ọjọ́ ọjà mẹ́ta, àpò méjì tí ọ̀rẹ́ẹ̀ mi máa ń tà di ìdajì àpò.

Ó sún mọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, ìwọ tó ń lọ síléèwé. Kí ni wọ́n ń pè mí yìí?"

Àsìkò nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́ níbẹ̀, ì bá bú mi, ì bá bá mi jà, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó fi ń wò mí kò ní ìfura kankan nínú, mi ò sì lè fara dà á. Mo ní, "Oyè ni."

"Oyè kẹ̀?"

"Oyè òyìnbó. Bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Obìnrin tí kì í pariwo, tí ara rẹ̀ balẹ̀."

"Èmi?" Ó gbá ọwọ́ mọ́ àyà. "Ta ló fi mí jẹ ẹ́?"

Ẹ wo ẹnu mi o. Ẹnu tí ì bá sọ pé òun ò mọ̀. Mo ní, "Èmi ni."

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti pè é ní Ìyá Ridúùsì, á dáhùn, "Hòo!" á tẹrí ba díẹ̀, bí ìyàwó ọ̀gá. Ọjà á dàrú fún ẹ̀rín. Ó rò pé inú wọn ló ń dùn sí i. Ó sọ fún mi pé ọkọ òun náà ti ń pe òun bẹ́ẹ̀ nílé, pé bí òun bá ti gbọ́ ọ, gbogbo ara ríro òun á lọ. Ìyàlẹ́nu tó wà lójú rẹ̀ kò ju ti gàrí tí kò tà lọ. Ó ní, "Oyè dé, oníbàárà lọ. Ṣé bí oyè ṣe máa ń rí nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ọba pàápàá.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé igbá kan fún mi. Ẹpìyà yíyan mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó gbẹ dáadáa, ọkọ rẹ̀ ló yan án. "Ti oyè tó o fi mí jẹ ni," ó wí. "Ọkọ mi ní a kì í gba oyè lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo gbà á. Mo gbé e délé, mo fi se ọbẹ̀. Ó dùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ó korò lẹ́nu mi? Kò korò. Mo jẹ mẹ́ta, mo pín ìyókù fún ọkọ àti ọmọ. Ìgbà tí mo ń fọ ìkòkò ni mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo eegun ẹja mẹ́fà nínú àwo. Mo ní láàárọ̀ ọ̀la màá sọ fún un. Nígbà tí àárọ̀ ọ̀la dé, mo rí ohun mìíràn pa á lẹ́rìn-ín.

Oyè yẹn ló gbé e wá síléèwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ti jókòó, Tíṣà ti gbé ṣọ́ọ̀kì, a rí ọ̀rẹ́ẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ró ìró rẹ̀ tó dára jù lọ, ó wé gèlè, sléètì tuntun wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Tíṣà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àbúrò rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ káàsán o. Mi ò fẹ́ kọ́ púpọ̀. Orúkọ mi nìkan ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́ kọ."

"Ẹ dìde, ìyá, ẹ dìde. Kí lorúkọ yín?"

"Ìyá Ridúùsì." Ó na ọwọ́ sí mi. "Oyè òyìnbó ni. Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi tó fi awò sójú yẹn ló fi mí jẹ ẹ́."

Àwọn tó ti ń rẹ́rìn-ín láti oṣù méjì sẹ́yìn, ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́mu tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tí kọ́bọ̀ rẹ̀ já bọ́. Tíṣà wò mí, ó wo ojú pátákó, mo sì rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jókòó ná."

"Mo lè dúró, Tíṣà."

"Kì í ṣe oyè, ìyá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí èèyàn dín nǹkan kù. Wọ́n ń sọ pé ẹ ń dín gàrí kù."

"Ta ni wọ́n?"

Tíṣà ò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. "Kíláàsì yìí la ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà tí wọ́n ń bá wí. Ẹ foríjì mí, ìyá."

Ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹ̀bi mi rù níṣojú mi. Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi yíjú sí mi. Kò gbé ohùn sókè. "O ti yá abọ́ mi rí. Ṣé kò kún ni?"

Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi, mo yọ awò ojú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìró nù ún. Mo nù ún, mo nù ún. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti lọ, sléètì tuntun náà wà lórí tábìlì Tíṣà.

Ní ọjọ́ ọjà, kò pàtẹ. Abọ́ rẹ̀ nìkan ló gbé wá, ó dúró níwájú mi bí oníbàárà. "Wọn abọ́ kan fún mi."

Mo wọn abọ́ kan, mo bu èènì lé e, mo tún bu, mo tún bu, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta. Ó ní kí n dà á sínú abọ́ òun. Mo dà á. Pẹ̀lú gbogbo èènì yẹn, kò dé etí abọ́ náà, ó kù tó ìbú ìka kan. Ó san kọ́bọ̀ mẹ́rin fún mi, owó pípé. Ó wá gbé abọ́ náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ àkọ́kọ́, ó ń gbé e han ẹni kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n máa yí padà sí mi. Mo ti ń retí orúkọ tí wọ́n máa sọ mí. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tó bá ti dé, oníyẹn á yára fi gàrí bo abọ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wòkè bí ẹni tí òjò fẹ́ pa. Wọ́n ò lè fi mí rẹ́rìn-ín láìfi ìdí abọ́ ara wọn han. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà wò ó, wọ́n wo abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn náà, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọjà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹjọ́ mi. Kò sí ẹni tó bú mi, kò sí ẹni tó gba ìtanràn lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi da gàrí náà padà sínú àpò mi, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́sẹ̀ yẹn lọ sí apá Ìjànìkín, níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń gbé.

Mo gbé abọ́ mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ pé kó lù ú padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tó bẹ òun nírú rẹ̀ rí. Ó lù ú, ìdí rẹ̀ là, gàrí ń jò. Mo ra òmíràn, mo sì jẹ́ kó tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí abọ́ rẹ̀ kún kò lè máa fi ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ṣe èènì, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ó ti wà nínú rẹ̀." Àwọn oníbàárà ní mo ti di ahun, pé ìwà obìnrin Ègùn yẹn ló ràn mí. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, bí kò bá ṣe pé ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo.

Nígbà tí èésú tí a jọ ń dá lọ́jà kàn mí, pọ́n-ùn mẹ́ta géérégé ni. Mo ti fojú sí aṣọ kan tí mo fẹ́ fi owó náà rà. Mo ká owó náà mọ́ aṣọ ìnura, mo wọ ọkọ̀ lọ sí apá Ìjànìkín. Sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, ni mo yọ nínú rẹ̀, tọ́rọ́ fún àlọ, tọ́rọ́ fún àbọ̀.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ti rù díẹ̀. Ó fún mi ní àpótí, ó fún mi lómi. Kò pè mí ní ọ̀rẹ́ẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé gàrí ń tà níbí?" mo bi í.

"Wọ́n ń yan ti ara wọn níbí. Ta ló fẹ́ ra tèmi? Àwọ̀n ni mò ń tún ṣe."

Mo gbé owó náà síwájú rẹ̀. Mo ní, "Èésú mi ni, pọ́n-ùn mẹ́ta. Mo mọ̀ pé abọ́ rẹ kún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní kíláàsì, kì í ṣe Tíṣà. Jọ̀wọ́, gbà á."

Mo rò pé ó máa kọ̀ ọ́. Mo ti múra ẹkún sílẹ̀ dè é. Kò kọ̀ ọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tú aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Pọ́n-ùn mẹ́ta lo wí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Sísì kù."

Ojú tì mí débi pé mo rẹ́rìn-ín. "Owó ọkọ̀ ni mo yọ."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo tú ìṣẹ́po ìró mi, mo yọ tọ́rọ́ tí mo fẹ́ fi padà sílé, mo gbé e sí i lọ́wọ́.

"Ó ṣì kù tọ́rọ́," ó wí. "Bó o bá rí ẹni tó ń bọ̀ lápá ibí, fi rán an."

"Ṣé o ti foríjì mí?"

Ó ti padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. "Tètè máa lọ, kí òòrùn tó mú."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà. Mo gba inú oko, mo gba Òkokomáìkò, mo jókòó díẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì rí ẹni bú. Mo ní bí mo bá ti délé, màá wá ẹni fi tọ́rọ́ náà rán. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan lọ síbẹ̀, mo gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíì lọ, mo ní ta ló máa rán èèyàn ní tọ́rọ́ lásán. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀, pé Àgbádárìgì ni, pé bóyá Kútọnu ni. Kò sí owó tọ́rọ́ nílé lóko mọ́ báyìí. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè iye tí gbólóhùn kan tí mo sọ ní kíláàsì lọ́jọ́sí ná mi, kì í ṣe pọ́n-ùn mẹ́ta. Pọ́n-ùn méjì, ṣílè mọ́kàndínlógún àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ni.